Lílé Ajogun Kọ́ Ni Dídé Ire: Òṣùwọ̀n Àlàáfíà Ọkàn fún Ẹni tí Ìdààmú Bá àti Ẹni tí Kò Bá

A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. A júbà àwọn àgbà awo tó ti kọjá lọ, tí wọ́n fi ẹní sílẹ̀ fún wa láti jókòó lé. Bí a ṣe rí ti ọdún yìí, a ó rí ti ẹ̀ẹ̀míì pẹ̀lú àlàáfíà.

Àlàáfíà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kàn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. A máa ń ṣàdúrà fún un, a sì máa ń fi kí ara wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá pé, "Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti dé ọkàn ẹni tí ẹ tọ́jú?" kí ni a ó wí? Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. A fẹ́ sọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n rí, kí a sì sọ ibi tó ti kan àwa awo.

Àwọn Ènìyàn Méjì Kan

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ẹní tiwa. Àwọn méjì kan wà tí a mọ̀. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí awo kì í tú àṣírí ẹni tó wá dáfá.

Ọ̀kan jẹ́ ìyá alájàpá tí ọkọ rẹ̀ kú lójijì. Oorun dá lójú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń já, orí rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ orí rẹ̀. A dáfá fún un, ó rúbọ, a pe àwọn ẹbí rẹ̀ jọ, wọ́n sì parí aáwọ̀ tó wà lórí ogún. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, oorun ti padà, àyà jíjá sì ti dáwọ́ dúró. A dúpẹ́, a ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tó ti parí. Ó tó bí ọdún kan kí a tó tún pàdé rẹ̀ níbi ìnáwó kan. A bi í bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin baba, kò sí ohun tó ń ṣe mí mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń wù mí."

Ẹnìkejì jẹ́ onílù bàtá. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ó ti máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó ń gba abẹ́rẹ́ ní ilé-ìwòsàn loṣooṣù, ó sì ń wá sọ́dọ̀ wa. Títí di òní, ọjọ́ mìíràn wà tí ohùn náà ń padà. Síbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlù, wọ́n sì ń dúró dè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́, ó ní ẹni tó ń bá a ṣẹ̀fẹ̀, ó sì mọ ohun tí òun ń tìtorí rẹ̀ jí láàárọ̀.

Bí a bá fi àìsàn nìkan wọn àwọn méjèèjì, ìyá alájàpá ti yá, onílù ṣì ń ṣàìsàn. Bí a bá fi àlàáfíà ọkàn wọ̀n wọ́n, ọ̀rọ̀ yí padà. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò tó fún wọn.

Ibi Lọ, Ire Dé

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí ọmọ awo. Nígbà tí a bá ń ṣàyẹ̀wò, ìbò ni a fi ń béèrè bóyá ire ni tàbí ibi, a ó sì tún béèrè irú èyí tó jẹ́. A mọ orúkọ àwọn ajogun: ikú, àrùn, òfò, ẹ̀gbà, èṣe àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. A sì mọ orúkọ àwọn ire: ire ajé, ire aya tàbí ti ọkọ, ire ọmọ, ire ìṣẹ́gun, àti ire àìkú tó jẹ́ olórí wọn. Nínú ìwúre wa, iṣẹ́ méjì ni a máa ń ṣe. A ó lé ibi lọ, lẹ́yìn náà a ó pe ire wọlé. Kò sí àgbà awo tí yóò lé ajogun jáde tán, tí yóò wá jókòó, kí ó rò pé ire ti dé nìyẹn. Ilé tí olè ti jáde kì í ṣe ilé tí oúnjẹ ti wọ̀.

Àwọn onímọ̀ òde òní gba ọ̀nà tiwọn dé ibi kan náà. Ìwé òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948, là á sílẹ̀ pé ìlera ju àìsí àrùn lọ, pé ó kan dídára ara, ọkàn àti ìbágbépọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àrùn ni wọ́n ń kà. Ní 2002, Corey Keyes, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìdáhùn àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè náà. Ó rí i pé àwọn tí ayé wọn ń rúwé, tí ọkàn wọn kún, kò ju bí 17 nínú 100 lọ. Ó sì rí àwọn mìíràn, bí 12 nínú 100, tí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì kò mú, síbẹ̀ tí ayé wọn ṣófo. Ní 2005 ó fi ìwádìí mìíràn hàn pé àìsàn ọpọlọ àti àlàáfíà ọkàn kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin okùn kan. Okùn méjì ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá fa ọ̀kan, èkejì a máa mì. Ìyá alájàpá wa wà lára àwọn tí ayé wọn ṣófo yìí. Bí a kò bá bi í léèrè, a kò ní mọ̀.

Ọ̀nà tí Abẹ́òkúta Là

Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aro. Ó wòye pé bí a bá mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kúrò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ìpalára kejì ni a ṣe fún un. Ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé inú àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa tọ́jú wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n sì padà sáàrin ará abúlé. Ó tún ṣe ohun tó ya ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà lẹ́nu: ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di igbákejì Olùdarí Àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn olùwádìí jọ. Wọn kò dúró de aláìsàn ní ilé-ìwòsàn. Wọ́n wọ abúlé, wọ́n wọ ìlú Abẹ́òkúta, wọ́n bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn, àti ẹni tí ìdààmú bá àti ẹni tí kò bá. Wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé ti agbègbè kan ní Kánádà. Ìwé wọn jáde ní 1963.

Ohun méjì nínú rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Èkíní ni pé wọn kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó ṣe déédéé pẹ̀lú orúkọ tí òyìnbó fún àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àìróorunsùn, àìlèjẹun, ẹkún, àárẹ̀, wọ́n bá wọn lára àwọn ènìyàn. Àìní orúkọ kò túmọ̀ sí àìsí ìyà. Èkejì ni pé abúlé tí ìṣọ̀kan rẹ̀ ti tú ká ní àwọn tí ìdààmú bá ju abúlé tí ọwọ́ wọn ṣì so pọ̀ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òun náà ni a fi ń dáàbò bo ọkàn.

Àwọn Òṣùwọ̀n Tó Wà

Oríṣi òṣùwọ̀n méjì ni ó wà lónìí, ìwé ìbéèrè sì ni gbogbo wọn. Oríṣi kìíní ń wá ìdààmú. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí David Goldberg ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1970. Èyí tó kúrú nínú rẹ̀ ní ìbéèrè 12. Ó ń béèrè bóyá oorun ń wá, bóyá ẹni náà lè pinnu nǹkan, bóyá ó ń rò pé òun kò wúlò. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì ti lò ó fún àwọn tó ń lọ gba ìtọ́jú ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò ní ìdààmú, gbogbo wọn ni yóò kó jọ sí ìdí òdo. Kò ní lè ya ẹni tí ayé rẹ̀ ń rúwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ayé rẹ̀ ṣófo.

Oríṣi kejì ń wá ire. Ní 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ọ̀kan jáde tí ìbéèrè rẹ̀ kò ju 5 lọ. Per Bech ará Denmark wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ó ń béèrè nípa ọjọ́ 14 tó kọjá: bóyá inú ẹni náà ń dùn, bóyá ara rẹ̀ balẹ̀, bóyá okun wà nínú rẹ̀, bóyá ó ń jí pẹ̀lú ìtura, bóyá ohun tó nífẹ̀ẹ́ sí wà nínú ọjọ́ rẹ̀. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba máàkì láti 0 dé 5. A ó ro wọ́n pọ̀, a ó sọ wọ́n di ìlọ́po 4, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ní ju 100 lọ. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá ju 50 lọ yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i bóyá àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọlé. Bí máàkì ẹnìkan bá yí padà tó 10, ìyípadà gidi ni a máa ń kà á sí. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí orúkọ àìsàn kankan nínú ìbéèrè márùn-ún náà.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Warwick àti ti Edinburgh tẹ òmíràn jáde tó ní ìbéèrè 14, máàkì rẹ̀ sì wà láàrin 14 àti 70. Nítorí gbogbo ará ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí wá béèrè bóyá ó bá ẹni tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ náà mu. Ní Singapore, wọ́n dán èyí tó kúrú nínú rẹ̀ wò lára àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ líle, àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì àti àwọn tó ní àníyàn àníjù. Ìdí tí wọ́n fi ní láti dán an wò ni a ó sọ báyìí.

Kóńgò Ọjà àti Kóńgò Ọkàn

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń nájà mọ̀ pé kóńgò méjì lè jọ ara wọn lójú, kí wọ́n má ṣe gba iye gàrí kan náà. Bí ẹni tó ni ọ̀kan bá ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó ti rẹ́ni jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùwọ̀n ọkàn. Bí ìbéèrè kan kò bá ní ìtumọ̀ kan náà létí ẹni tí ìdààmú bá àti létí ẹni tí kò bá, ìdí kóńgò náà ti wọnú. Ẹ wo ìbéèrè nípa okun. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú oorun wá yóò sọ pé okun òun kéré. Ṣé ọkàn rẹ̀ ni a wọ̀n àbí oògùn rẹ̀? Ẹ bi bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ní ìbéèrè kan náà, ọjọ́ orí ni yóò dáhùn.

Láàrin àwa Yorùbá, ohun mẹ́ta mìíràn wà tó lè lu ìdí kóńgò wọnú.

Èkíní ni ẹnu wa. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" ó di dandan kí ó wí pé, "A dúpẹ́." Ìwà ọmọlúwàbí ni, ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu sì tún ni, nítorí a gbà pé ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè lè wá jẹ́ ẹ. Ẹni tí omijé ń dà lóru yóò wí ní òwúrọ̀ pé òun dúpẹ́. Kò purọ́. Ó kí wa ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọn ọkàn wa kò gbọdọ̀ dúró sí ìkíni. Kí ó béèrè ohun tí ó ṣeé kà: oorun mélòó ni ẹ sùn dáadáa nínú ọjọ́ méje? Ta ni ẹ bá rẹ́rìn-ín lánàá? Kí ni ẹ ń retí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Èkejì ni ara. Ọkàn wa kì í sábà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ara ni ó máa ń rán níṣẹ́. "Orí mi ń gbóná," "àyà mi ń já," "ara mi kò lélẹ̀." Ìwé ìbéèrè tí kò mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò kọjá lára ìdààmú láì rí i. Ẹni tí kò sì mọ̀ ju àìsàn ara lọ yóò fún wọn ní oògùn ibà.

Ẹ̀kẹta ni ìtumọ̀. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà ni pé kí ẹnìkan túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó bá ara mu. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi ìfọ̀kànbalẹ̀, ìtùnú, ìtẹ́lọ́rùn àti sùúrù ní ìjìnlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbé. Bí wọn yóò bá ṣe òṣùwọ̀n àlàáfíà fún Yorùbá, ó yẹ kí àwa awo wà níbẹ̀. Àwa la gbọ́ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń sọ ìrora wọn nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti.

Ohun Tó Kan Àwa Awo

Ẹ gbọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti bá 4,984 ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Bí 6 nínú 100 ni àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ti mú láàrin oṣù 12 tó ṣáájú. Nínú àwọn tí tiwọn le débi tí kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, bí 8 péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú gbà. Àwọn yòókù ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn wà láàrin wa. Òmíràn jókòó níwájú wa lórí ẹní.

Ní 2020, Gureje kan náà àti àwọn mìíràn tún tẹ ìwádìí kan jáde láti agbègbè Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ sí ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti àwọn tó ń fi àdúrà wòsàn, wọ́n sì jọ ń tọ́jú àwọn tí àìsàn ọpọlọ líle mú. Nígbà tí oṣù 6 fi pé, ara àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú yá ju ti àwọn tí wọn kò jọ tọ́jú lọ. Ohun tí Lambo bẹ̀rẹ̀ ní Aro kò kú.

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́.

Àkọ́kọ́: kí a máa béèrè ire bí a ṣe ń béèrè ibi. Abéèrè kì í ṣìnà. Kí ìbéèrè márùn-ún tí a sọ yẹn, tàbí irú rẹ̀ ní èdè tó yé àwọn ènìyàn wa, wà lọ́wọ́ awo kọ̀ọ̀kan. Ìtàdógún wa kò jìnnà sí ọjọ́ 14 tí àwọn onímọ̀ ń béèrè nípa rẹ̀. Ní ìtàdógún, kí a tún béèrè. Kí a má fi máàkì ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn. Kí a fi ẹni náà wé ara rẹ̀ ní ìtàdógún tó kọjá.

Èkejì: kí a má ṣe sọ nọ́ńbà di odù. Òṣùwọ̀n kì í sọ àyànmọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó tètè tají wa. Kí ẹni tó bá gba máàkì kékeré má ṣe gba orúkọ burúkú lọ́wọ́ wa, kí ìwé tí a kọ ọ́ sí má sì bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta: kí a mọ ibi tí agbára wa mọ. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ pé ikú sàn fún òun, a kò gbọdọ̀ ní kí ó dúró di ìtàdógún. Kí a má fi òun nìkan sílẹ̀, kí a pe ẹbí rẹ̀, kí a sì bá a dé ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń lo oògùn ilé-ìwòsàn, kí a má sọ pé kí ó dá a dúró.

Ẹ̀kẹrin: kí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kúrò nínú iṣẹ́ wa pátápátá. A mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé kan, a kò sì ní fi aṣọ bò ó níbi ọdún. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní January 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, Orí wà. Ẹni tí a de mọ́lẹ̀ ní Orí bíi tiwa. Kò sí òṣùwọ̀n tó lè rí àlàáfíà lára ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Ìparí

A padà lọ sọ́dọ̀ ìyá alájàpá náà. A kò tún rú ẹbọ tuntun lọ́jọ́ yẹn. A bi í ní ìbéèrè kan péré: kí ni ó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí inú rẹ̀ fi ń dùn? Ó ní òun máa ń dárin fún ẹgbẹ́ òun níbi ìpàdé, pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú ni kò ti sí ẹni tó tún pe òun. A bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé kò fẹ́ ni. Ó ti padà síbẹ̀ báyìí. A kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ti parí, ṣùgbọ́n nígbà tí a tún béèrè ní ìtàdógún mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ní nǹkan kan wà tí òun ń retí.

Ẹ̀yin awo, ìbéèrè tí a kò bi í fún ọdún kan náà nìyẹn. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ibi lọ kúrò nílé wa kí ire má wọlé. Kí ọkàn wa balẹ̀, kí oorun wa dùn, kí á máa jí rí ohun tí yóò máa wù wá. Kí ẹni tí àìsàn ń bá jà rí ènìyàn dúró tì í, kí ẹni tí ara rẹ̀ le má ṣe ṣófo nínú. Orí wa kò ní gbàbọ̀dè fún wa. Ọ̀rúnmìlà á gbè wá o.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.